Ibi tí wọ́n ti pàdé kí wọ́n tó dé orí afárá Selma

Bí ẹ bá ní kí ènìyàn fi ìlú Selma ní Amẹ́ríkà hàn yín lórí máàpù, afárá Edmund Pettus ni yóò nàka sí. Mi ò bá a jà. Lẹ́sẹ̀ afárá yẹn, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1965, ni àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Alabama àti àwọn ọmọọṣẹ́ Jim Clark, ṣẹ́rífù (ọ̀gá àwọn agbófinró káúńtì), ti fi kóńdó àti tíágáàsì lé nǹkan bí 600 ènìyàn padà. Ẹ̀tọ́ láti dìbò ni wọ́n ń béèrè. Àmọ́ 600 ènìyàn kì í ṣàdédé bá ara wọn lórí afárá. Wọ́n ti jókòó síbì kan ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́, wọ́n ti kọrin, wọ́n ti jiyàn, wọ́n ti dáwó, kí wọ́n tó dìde. Ibi tí wọ́n jókòó sí yẹn ni mò ń wá kiri, tí mo sì ń fi sórí máàpù.

Awọnlẹ̀ ni mí. Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, agbègbè Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ fi jẹun: Àkóbọ̀, Mọ́níyà, Omi-Àdìó, níbi tí ẹbí mẹ́ta ti lè máa ja ìjà lórí bíkọ̀n kan ṣoṣo. Ní Montgomery tí mo wà báyìí, iṣẹ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mò ń ya máàpù ilẹ̀ fún àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ máàpù àwọn ibi ìpàdé yìí fún mi. Tèmi ni, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń ṣe é, owó epo mọ́tò sì ti àpò mi jáde.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ni àṣẹ kọ́ọ̀tù kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1964, Adájọ́ James Hare ní Selma dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, ó dárúkọ àwọn aṣíwájú wọn, ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ péjọ ní ènìyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn mẹ́ta! Bí tọkọtaya kan tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà bá gba àlejò kan lálẹ́, tí wọ́n gbé oúnjẹ fún un, tí ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ láti dìbò wá dé orí tábìlì, wọ́n ti rú òfin nìyẹn. Nígbà tí mo ka àṣẹ yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ mọ ibi tí agbára wà. Wọn ò fòfin de afárá. Ìjókòó pọ̀ ni wọ́n fòfin dè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Káúńtì Dallas ni Selma wà. Ní ọdún 1961, nǹkan bí 15,000 dúdú ló wà níbẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn tó ìdìbò, 156 péré ló ní orúkọ nínú ìwé. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, tó wà nínú kọ́ọ̀tù, kì í ṣí ju ọjọ́ Ajé kìíní àti ìkẹta nínú oṣù lọ. Ẹni tó bá lọ, wọn á bi í ní ìbéèrè lórí òfin títí wọn á fi rí ibi tó ti kùnà. Ẹni tó bá lọ, ọ̀gá rẹ̀ náà á gbọ́ kó tó padà sílé, torí orúkọ kì í pamọ́ ní ìlú kékeré.

Àmì àkọ́kọ́ lórí máàpù mi ni Tabernacle Baptist Church. Ilé arẹwà ni, David West ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ ní ọdún 1922. Ojú méjì ló ní: ọ̀kan kọjú sí Broad Street, ìkejì kọjú sí Minter Avenue, bákan náà sì ni méjèèjì rí bí ìbejì. Nínú ìtàn tí ìjọ náà ń sọ, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí dúdú gba ẹnu ọ̀nà Broad Street wọlé ni ayàwòrán náà ṣe mú kí ojú ẹ̀gbẹ́ Minter lẹ́wà tó ti iwájú. Mo ti wọn ilé púpọ̀ láyé mi, ìyẹn nìkan ni mo tíì rí tí ìwà ìkà ìlú hàn nínú àwòrán ilé láìsí pé ilé náà burẹ́wà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1963 ni wọ́n ṣe ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ fún ẹ̀tọ́ ìdìbò níbẹ̀. Samuel Boynton ló ti kú ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn dúdú agbègbè náà ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ tó sì ń rọ̀ wọ́n láti forúkọ sílẹ̀. Ìsìn ìrántí rẹ̀ ni wọ́n sọ di ìpàdé. Àwọn díákónì ò fẹ́ ẹ, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á sun ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ wọn, L. L. Anderson, sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ìta gbangba ni òun yóò ti ṣe é, òun á sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Nǹkan bí 350 ènìyàn ló wá. Ṣẹ́rífù Clark àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wọlé wá dúró sínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wo ojú ẹni tó wá. James Forman láti SNCC, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ dúdú, ló sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí wọn.

Bí mo ṣe ń rí àwọn ibi yìí, ọ̀nà rẹ̀ kò pọ̀. Máàpù Sanborn wà, èyí tí wọ́n yà fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò iná láyé àtijọ́, tó ń fi hàn bóyá bíríkì ni ilé tàbí pákó, àti iye àjà tó ní. Ìwé orúkọ òpópónà àti onílé wà ní ilé ìkàwé. Sylvan Street tí gbogbo ìwé àtijọ́ ń dárúkọ ti di Martin Luther King Street, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa wá Brown Chapel àti First Baptist, ṣọ́ọ̀ṣì méjì tó wà níbẹ̀, síbi tí wọn ò sí. Àwọn àgbà náà sì wà. Màmá kan tó gbé lọ́mọdé ní Carver Homes, àwọn ilé ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, fi ọ̀pá rẹ̀ ya ilẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brown Chapel: ibí ni wọ́n ń tò sí, ọ̀hún ni àwọn ọlọ́pàá ń gbé mọ́tò wọn sí. Ó ní ìyá òun kì í jẹ́ kí òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà ìpàdé. Mo béèrè ìdí. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, o mọ ìdí.” Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó kúrò níwájú rẹ̀. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń bọ̀ yìí, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Nígbà tí àwọn àmì ti pọ̀ díẹ̀ lórí máàpù, mo ṣe ohun tí awọnlẹ̀ èyíkéyìí yóò ṣe. Mo lọ sí ọ́fíìsì káúńtì níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, mo ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló ni ilẹ̀ ibi ìpàdé wọ̀nyí nígbà náà. Tabernacle, ìjọ ló ni ín. Brown Chapel tí wọ́n kọ́ ní 1908, ìjọ AME, tí àwọn dúdú fúnra wọn dá sílẹ̀ láti 1816, ni. First Baptist tó wà lójú ọ̀nà kan náà, bákan náà. Ọ́fíìsì Amelia Boynton, ìyàwó Samuel, ní Franklin Street, níbi tó ti ń ta adójútòfò tó sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tirẹ̀ ni. Ilé ìdáná rẹ̀ níbi tí ẹni mẹ́jọ tí ìlú ń pè ní Courageous Eight ti jókòó lẹ́yìn àṣẹ adájọ́ yẹn, tí wọ́n sì pinnu láti ké sí Martin Luther King, tirẹ̀ ni. Ilé Sullivan Jackson ní Lapsley Street, níbi tí King ń sùn sí, dókítà eyín ni Jackson: àwọn dúdú ìlú ló ń sanwó fún un, òyìnbó kankan ò lè lé e kúrò níbi iṣẹ́.

Ẹni tí kò sẹ́ni tó lè lé e jáde ló lè ṣí ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ìgboyà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì ní gba ẹyọ kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìgboyà ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí ìrìn àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1965 fi mi ìlú náà jìgìjìgì. Ìgbìmọ̀ ilé ìwé, tí òyìnbó ń darí, ló ń san owó oṣù wọn, síbẹ̀ F. D. Reese, olùkọ́ bíi tiwọn, kó ohun tó lé ní 100 nínú wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ náà jáde, àwọn aṣerunlóge náà jáde, gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo àríwá àti ìwọ̀-oòrùn káúńtì lórí máàpù mi. Òfìfo. Àgbègbè ńlá tí òwú ń hù sí, tí àwọn dúdú kún bí èèrà, kò ní àmì ìpàdé kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé àkọsílẹ̀ ló sọnù. Ìwé ilẹ̀ ló dáhùn: oko ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ń dáko fún onílẹ̀, wọ́n ń pín irè pẹ̀lú rẹ̀, ilé tí wọ́n ń sùn sí tirẹ̀ ni, gbèsè ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni. Àwa tí a mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílé mọ bí ẹnu ayálẹ̀dáko ṣe máa ń rí níwájú onílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ tiwa, ewùrà díẹ̀ àti àdúrà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Tiwọn, ọrùn ni.

Káúńtì Lowndes, tó wà láàárín Selma àti Montgomery, fi èyí hàn ju ibikíbi lọ. Nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn ará ibẹ̀ ló jẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n kí ọdún 1965 tó dé kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó lè dìbò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀, àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn jáde. Ẹgbẹ́ wọn ra ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ 80, wọ́n pa àgọ́ síbẹ̀ ní òpin 1965, àwọn ẹbí mìíràn sì lo ohun tó tó ọdún méjì àti ààbọ̀ nínú rẹ̀, òjò àti òtútù, ìbọn tí àwọn kan ń yìn láti inú mọ́tò lálẹ́. Tent City ni wọ́n ń pè é. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ sí ìpàdé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1966 wọ́n yan olùdíje tiwọn lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fi ẹranko panther dúdú ṣe àmì, ní First Baptist Church, Hayneville, kò jìnnà sí kọ́ọ̀tù. Ní ọdún 1970, John Hulett, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní káúńtì náà, di ṣẹ́rífù.

Ẹ wá tún wo ìrìn ńlá tó tẹ̀lé ti orí afárá náà, kìlómítà 87 láti Selma dé Montgomery, láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1965. Ibo ni wọ́n sùn? Oko David Hall lálẹ́ kìíní. Oko Rosie Steele, opó àgbàlagbà, lálẹ́ kejì. Oko Robert Gardner lálẹ́ kẹta, nínú ẹrẹ̀ àti òjò. Dúdú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ni ilẹ̀ wọn. Alẹ́ kẹrin ni wọ́n tó dé City of St. Jude ní Montgomery, ibi tí ìjọ Kátólíìkì ti ń tọ́jú àwọn dúdú. Bí kò bá sí oko mẹ́ta yẹn, kò síbi tí ènìyàn lè pa àgọ́ sí ní gbogbo ọ̀nà náà.

Samuel àti Amelia Boynton ti ń wàásù ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí láti ọdún gbọọrọ: ẹ ra ilẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni bá da omi síwájú ni í tẹlẹ̀ tútù. Ní Gee's Bend, káúńtì Wilcox, ìjọba àpapọ̀ ti ra oko ẹrú àtijọ́ ibẹ̀, wọ́n sì ta á pẹ̀lẹ́bẹ-pẹ̀lẹ́bẹ fún àwọn ọmọ ẹrú náà ní bíi 1940 síwájú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdìbò dé, kò sẹ́ni tó lè lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Kí wá ni àwọn aláṣẹ ṣe? Wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn kọjá odò lọ sí Camden dúró ní 1962. Camden ni kọ́ọ̀tù wà. Ibi tí ẹ lè máa wò lókèèrè odò wá di ìrìn bíi wákàtí kan nínú mọ́tò, fún àwọn tí púpọ̀ nínú wọn ò ní mọ́tò. Ọdún 2006 ni ọkọ̀ náà tó padà.

Kọ́ọ̀tù Selma kì í ṣe ibi ìpàdé, ṣùgbọ́n ó wà lórí máàpù mi, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti tò ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, nǹkan bí 350, nínú oòrùn, tí àwọn ọmọọṣẹ́ ṣẹ́rífù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé omi tàbí oúnjẹ fún wọn. Níwájú ibẹ̀ ni Clark ti di kọ́là ẹ̀wù Amelia Boynton mú ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1965, tó wọ́ ọ lọ. Ẹlòmíràn sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn.

Matilda McCrear ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni. Ọmọ bí ọdún méjì ni nígbà tí ọkọ̀ Clotilda gbé e pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ouidah dé Mobile ní ọdún 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé. Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀ yẹn, mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà, mo jáde síta. Bàbá mi kọ àbàjà. Ní ọdún 1931, nígbà tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, obìnrin yìí fẹsẹ̀ rìn bíi kìlómítà 24 wá sí kọ́ọ̀tù Selma láti béèrè owó gbà-máà-bínú nítorí bí wọ́n ṣe jí i gbé. Adájọ́ lé e padà. Selma ló kú sí ní 1940. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó jáde ní Selma láàárín 1960 sí 1970. Obìnrin mìíràn tí Clotilda gbé wá, Redoshi, ń gbé ní Bogue Chitto, káúńtì Dallas yìí kan náà, títí ó fi kú ní 1937, Amelia Boynton sì bá a sọ̀rọ̀ ojúkojú kó tó kú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ìlú fi ilé ìdáná rẹ̀ ṣe ibi ìpàdé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú lẹ́nu ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Mo fi ọ̀nà tí Matilda rìn sórí máàpù, ìlà pupa kan. Àwọn kan ti bi mí pé kí ló kan ẹ̀tọ́ ìdìbò. Kọ́ọ̀tù kan náà ni, ìbéèrè kan náà sì ni: ṣé ìwé yín á gba orúkọ mi?

Àwọn ibi yìí ń lọ. Ìjì líle tó jà ní Selma ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2023 ba ilé púpọ̀ jẹ́. Brown Chapel ti nílò àtúnṣe tó pọ̀ débi pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ilé ìtàn tó wà nínú ewu jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 2022. Oko Hall àti oko Gardner ti wà nínú irú ìwé yẹn ní ọdún tó ṣáájú. Ilé Jackson ti kúrò ní Selma pátápátá. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé The Henry Ford ní Dearborn, Michigan. Nínú yàrá ìgbàlejò ilé yẹn ni King ti wo Ààrẹ Johnson lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1965, nígbà tí Johnson gbé òfin ìdìbò síwájú àwọn aṣòfin. Ó dùn mí pé ó lọ. Mo sì mọ̀ pé ẹbí ló fẹ́ kó wà níbi tí wọn ò ní jẹ́ kó wó. Lórí máàpù, àmì rẹ̀ ṣì wà ní Lapsley Street, torí ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n, ilẹ̀ kò sì bá wọn lọ sí Michigan. Mo kọ ọdún tí wọ́n gbé ilé kúrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Marion, káúńtì Perry, ni mo kàn báyìí. Mo ti ní Zion Methodist Church, níbi tí ìpàdé ti wáyé lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1965, àti Mack's Café lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kan ti yìnbọn fún Jimmie Lee Jackson, ọ̀dọ́ díákónì tó ń gbìyànjú láti dáàbò bo ìyá rẹ̀. Ikú rẹ̀ ló bí ìrìn orí afárá. Ṣùgbọ́n àwọn ìpàdé kéékèèké tó ṣáájú alẹ́ yẹn, nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì oko, kò tíì sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Birmingham, Mobile, Huntsville àti Tuscaloosa, ẹ ń jókòó ti àwọn àgbà yìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ bá mi bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní ìwé ètò ìsìn àtijọ́, lẹ́tà, tàbí fọ́tò tí ilé hàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ yà á, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ ìpàdé, ibi tí ilé wà, ẹni tó ni ilẹ̀: bí mo bá ti rí mẹ́ta yìí, màá lọ wọ̀n ọ́n.